Ọ̀rọ̀ Aṣòfin Lójú Òpó: Láti Asọ̀rọ̀mágbèsì Dé Orí Fóònù

Ọ̀rọ̀ ni irinṣẹ́ aṣòfin. Kò ní ọlọ́pàá tó lè rán níṣẹ́, kì í gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, kì í sì í dájọ́; ohun tó ń sọ nínú ilé àti ìbò tó ń dì níbẹ̀ ni gbogbo agbára rẹ̀. Ní Nàìjíríà, 109 ni àwọn tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, 360 sì ni àwọn ti ilé aṣojú-ṣòfin. Láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá, púpọ̀ nínú wọn ti ní ibòmíràn tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀: Facebook, Twitter tó di X ní 2023, àti WhatsApp tó ń gbé ọ̀rọ̀ Àbújá dé ìdí àtẹ aláta kí ilẹ̀ tó ṣú. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń dá sí ọ̀rọ̀ owó epo, ètò ààbò, ìṣúná àti ìjà inú ẹgbẹ́ òṣèlú.

Ẹni tó bá ti ka abala 4 nínú ìwé òfin 1999 mọ̀ pé òfin ṣíṣe ni iṣẹ́ aṣòfin. Ìyàtọ̀ tó ṣe kókó láàárín ọ̀rọ̀ inú ilé àti ti ojú òpó nìyí. Ọ̀rọ̀ tí aṣòfin bá sọ nínú ilé ń wọ inú ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Hansard. Alátakò rẹ̀ jókòó níwájú rẹ̀, ó sì lè dìde dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ìbò ló máa ń kẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Òfin sì ń dáàbò bo ẹni tó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ojú òpó kò ní ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pé ó yẹ kí aṣòfin sọ̀rọ̀ níta, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Ohun tó yẹ ní yíyẹ̀ wò ni okùn tó so ọ̀rọ̀ ìta náà mọ́ iṣẹ́ inú ilé.

Ẹjọ́ 1953

Àwọn kan gbà pé ayélujára ló kọ́kọ́ mú kí aṣòfin máa lépa ọ̀nà láti bá ará ìlú sọ̀rọ̀ lẹ́yìn odi ilé aṣòfin. Ìtàn kò gbè wọ́n. Ọdún 1953 ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún náà, Anthony Enahoro, ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group, dìde nílé aṣòfin àpapọ̀ ní Èkó, ó sì dá àbá pé kí Nàìjíríà máa ṣe ìjọba ara rẹ̀ ní 1956. Ahmadu Bello tó ṣáájú àwọn aṣòfin Àríwá ní kí wọ́n yọ ọdún kúrò nínú àbá náà, kí wọ́n kọ ọ́ pé nígbàkígbà tó bá ti ṣeé ṣe. Ọ̀rọ̀ náà di líle. Àwọn aṣòfin Action Group àti ti ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC dìde, wọ́n sì jáde kúrò nílé. Nínú wàhálà yẹn kan náà, mínísítà mẹ́rin tí Action Group ní nínú ìjọba àpapọ̀ kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí wà lára wọn. Gómìnà John Macpherson bá bọ́ sórí rédíò, ó bu ẹnu àtẹ́ lu Action Group kí gbogbo ilẹ̀ lè gbọ́. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, olórí ẹgbẹ́ náà, ní kí wọ́n fún òun ní irú àyè kan náà kóun lè fèsì. Wọn kò fún un.

Orúkọ tí Yorùbá sọ rédíò, asọ̀rọ̀mágbèsì, ti ro ẹjọ́ yẹn tán. Àwọn tó gbó díẹ̀ n'Íbàdàn kò tíì gbàgbé àpótí Rediffusion tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri pálọ̀: wáyà ló ń gbé ohùn wọlé, ibùdó kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kókó kan ṣoṣo tí èèyàn lè yí sì wà fún kí ohùn lè ròkè tàbí kó lọ sílẹ̀. Àwọn ọmọdé a máa yọjú wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá wọn á rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Bàbá ilé lè bínú sí i, ó lè yí i wálẹ̀. Kò lè dá a lóhùn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, ni àwọn àgbà wí, bẹ́ẹ̀ Gómìnà rojọ́ tirẹ̀ fún ìlú, kò sì jẹ́ kí ìlú gbọ́ tẹnu ẹni kejì.

Ìwé òfin 1954 fún àwọn ẹkùn láṣẹ láti dá ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn lábẹ́ Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ n'Íbàdàn, Overseas Rediffusion sì ni alájọṣe ìjọba nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ní Áfíríkà ni wọ́n ń pe ara wọn. Àwọn òpìtàn kan tẹnu mọ́ ọn pé nítorí ẹ̀kọ́ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ohun tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn sọ ní gbangba nìyẹn lóòótọ́, ẹ̀kọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró lórí ẹ̀kọ́ nìkan, tó fo èsì tí wọn kò jẹ́ kí Awólọ́wọ̀ fọ̀, ti gé ìtàn náà lórí.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ẹjọ́ yìí ju ọ̀kan lọ. Ọ̀rọ̀ tí Awólọ́wọ̀ fẹ́ sọ lórí rédíò ní ìdí: àbá kan wà nílẹ̀, ó ní ọjọ́, ó ní ẹni tó dá a, ó ní ọdún tí wọ́n ń jà lé lórí. Ẹni tó bá gbọ́ èsì náà ìbá mọ ibi tí òun lè wò láti rí òótọ́ rẹ̀. Èkejì korò. Àwọn èrò Èkó hó lé àwọn aṣòfin Àríwá lórí, wọ́n bú wọn ní gbangba, ìtìjú yẹn sì bá wọn délé. Ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Kánò, ẹ̀mí sì ṣòfò. Èébú tó ń rọ́ jáde nísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ aṣòfin lórí Facebook lónìí kì í ṣe ọmọ àná. Ó ti ní ìran kan lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ tó ní okùn àti èyí tí kò ní

Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Owó epo fò sókè, ìkẹ́dùn sì bẹ̀rẹ̀ lójú òpó àwọn aṣòfin kan: nǹkan le, kí ìjọba ṣàánú mẹ̀kúnnù. Ìjọba wo? Ètò ìṣúná 2023, tí ilé aṣòfin fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù, kò pèsè owó ìrànwọ́ náà kọjá oṣù kẹfà, tírílíọ̀nù 3.36 náírà ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìdajì ọdún náà. Òfin epo rọ̀bì ti 2021, tó ṣílẹ̀kùn fún kí ọjà máa sọ iye tí epo ń jẹ́, ilé aṣòfin ló ti jáde. Aṣòfin tó ń kẹ́dùn lórí fóònù nípa ohun tí ilé rẹ̀ ti dìbò fún ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tó wá wòran. Ọmọ ilé tuntun tí kò sí níbẹ̀ nígbà náà lè sọ pé òun kò sí níbẹ̀, kó sì dárúkọ ojú ìwé tí òun fẹ́ kí wọ́n yí padà. Ìyẹn ni yóò jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣòfin. Ìkẹ́dùn lásán, aládùúgbò lè ṣe é.

Àpẹẹrẹ rere wà. Shehu Sani, sẹ́nétọ̀ Kàdúná Àárín Gbùngbùn láti 2015 dé 2019, jẹ́ ẹni tí àwọn ọ̀dọ́ mọ̀ fún ọ̀rọ̀ kúkúrú tó ń ta gọ́ńgọ́ lórí Twitter. Gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn papọ̀ kò tó ohun kan tó sọ fún ìwé ìròyìn kan ní oṣù kẹta 2018, pé mílíọ̀nù 13.5 náírà ni owó tí sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà lóṣù fún ìnáwó iṣẹ́, yàtọ̀ sí owó oṣù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn gba gbogbo ojú òpó kan, torí ẹni tó wà nínú ilé nìkan ló lè sọ ọ́.

Èyí tó dára jù ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù keje 2021. Nílé aṣòfin àgbà, ohùn ni wọ́n máa ń fi dìbò: àwọn tó fara mọ́ ọn pariwo, àwọn tí kò fara mọ́ ọn pariwo, ẹni tó ń darí ìjókòó sì sọ èyí tó gbọ́. Kò sí orúkọ, nítorí náà kò sí ẹni tí olùdìbò lè bi léèrè. Lọ́jọ́ yẹn, lórí ọ̀rọ̀ bóyá INEC, àjọ elétò ìdìbò, yóò máa fi ẹ̀rọ gbé èsì ìbò ránṣẹ́, àwọn alátakò ní dandan, àfi kí wọ́n pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n pè é. Àwọn 52 fọwọ́ sí i pé kí INEC kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́dọ̀ àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àti ilé aṣòfin, àwọn 28 lòdì sí i, àwọn 28 kò sí níjokòó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, orúkọ wọn ti wà lórí fóònù káàkiri, olúkúlùkù sì ń wá orúkọ sẹ́nétọ̀ tirẹ̀: níbo ló wà? Kí ló wí? Àwọn tó ti ń kọ ọ̀rọ̀ dídùn nípa ìbò tó mọ́ gaara ní láti wá ṣàlàyé ara wọn. Ní oṣù kẹwàá, ilé náà yí ohùn padà, wọ́n sì fi í sọ́wọ́ INEC. Ohun tó wà nínú òfin ìdìbò tí Ààrẹ ìgbà náà fọwọ́ sí ní oṣù kejì 2022 nìyẹn. Ojú òpó kan náà ni, àwọn èèyàn kan náà sì ni. Àkọsílẹ̀ orúkọ ló mú kí ariwo di ìbéèrè tó ní láárí.

Ibi tí ààbò òfin dé

William Proxmire, sẹ́nétọ̀ láti Wisconsin ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀bùn àbùkù kan ta ilé iṣẹ́ ìjọba lọ́rẹ ní 1975, fún èyí tó bá fowó ṣòfò jù. Ó fi ṣe àwọn tó náwó sí iṣẹ́ onímọ̀ kan tó ń wádìí bí ọ̀bọ ṣe ń pa eyín keke nígbà tínú bá ń bí i. Ó fi ọ̀rọ̀ náà sínú àkọsílẹ̀ ilé, ó tún fi í sínú ìwé tó fi ránṣẹ́ sí nǹkan bí 100,000 èèyàn. Onímọ̀ náà pè é lẹ́jọ́. Ní 1979, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ní ohun tó sọ nínú ilé ní ààbò, ṣùgbọ́n ìwé tó fi ránṣẹ́ kò ní. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹnu kan náà ló sì ti jáde. Ẹnu ọ̀nà ilé aṣòfin ni ààlà.

Òfin Nàìjíríà lórí ẹ̀tọ́ àti ààbò àwọn aṣòfin náà kò bo ju ohun tí wọ́n bá sọ tàbí kọ níwájú ilé àti ìgbìmọ̀ rẹ̀. Aṣòfin tó bá sọ̀rọ̀ lórí Facebook, ọmọ ìlú bíi ti gbogbo wa ló jẹ́ níbẹ̀, ó ní ẹ̀tọ́ ọ̀rọ̀ sísọ tí abala 39 ìwé òfin fún un, ó sì ní ewu rẹ̀. Ilé tirẹ̀ gan-an lè jẹ ẹ́ níyà. Abdulmumin Jibrin, aṣojú-ṣòfin tó fẹ̀sùn kan àwọn olórí ilé rẹ̀ lórí ìṣúná ní 2016 gba ìwé gbélé-ẹ ọjọ́ ìjókòó 180. Ní oṣù kẹta 2024, wọ́n fún Sẹ́nétọ̀ Abdul Ningi ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò rẹ̀ pẹ̀lú BBC Hausa lórí tírílíọ̀nù 3.7 náírà nínú ìṣúná. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí, nínú ẹjọ́ Sẹ́nétọ̀ Ovie Omo-Agege ní 2018. Ẹkùn ìdìbò ni ìyà náà ń jẹ jù, torí àwọn èèyàn ibẹ̀ ni kò ní ohùn.

Ní ti Natasha Akpoti-Uduaghan, sẹ́nétọ̀ Kogi Àárín Gbùngbùn, oṣù mẹ́fà ni ilé ní kó lọ lo nílé ní oṣù kẹta 2025. Ní oṣù kẹrin, nígbà tí ẹjọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà wà ní kóòtù tí adájọ́ sì ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀ rẹ̀ níta, ó gbé ìwé àforíjì sórí Facebook, àpárá sì ni ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù keje, adájọ́ ní ó tàpá sí àṣẹ kóòtù, ó ní kó san mílíọ̀nù 5 náírà, kó sì tọrọ àforíjì lójú òpó kan náà. Nínú ìdájọ́ kan náà ni adájọ́ ti sọ pé oṣù mẹ́fà ti pọ̀ jù. Sẹ́nétọ̀ náà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Ohun tó kù

Àwọn aṣòfin tó ń jẹ oyin ojú òpó ti gbìyànjú láti dí ará ìlú lẹ́nu níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: àbádòfin Sẹ́nétọ̀ Bala Ibn Na'Allah ní 2015, tí wọ́n fà sẹ́yìn ní 2016, àti èyí tí Sẹ́nétọ̀ Sani Musa gbé wá ní 2019 lórí irọ́ ayélujára. Ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa láti oṣù kẹfà 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní 2022.

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ojú òpó gan-an ló kẹ́yìn. Nígbà tí Shehu Sani kúrò nílé aṣòfin ní 2019, orúkọ ojú òpó rẹ̀ kò yí padà. Ó ń kọ̀wé níbẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, àwọn èèyàn sì ń kà á. Ìbò kan ṣoṣo tó ní nínú ilé ni kò sí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà mọ́.