Agékoríko Tí Í Ṣe Ọ̀gá Ara Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ràn fún àwọn agbaṣẹ́ṣe tí ń fi ẹ̀rọ gé koríko ní Liverpool Road, Àpápá, àti fún àwọn onílé tí ń gbéṣẹ́ fún wọn

Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi í ṣọ́ orí. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí kan àwọn ènìyàn kan tí kò ní ẹlòmíràn tí yóò bá wọn ṣọ́ orí lẹ́nu iṣẹ́, àfi ojú ara wọn nìkan. Àwọn náà ni àwọn tí ń gba iṣẹ́ koríko gígé ṣe láìsí ọ̀gá lórí wọn.

Ẹni tí ó bá gba Liverpool Road kọjá ní kùtùkùtù òwúrọ̀ lè pàdé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Yóò máa ti ẹ̀rọ rẹ̀ níwájú, àdá yóò wà lábẹ́ apá rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì epo yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ Ajégúnlẹ̀ ni ó ti jí wá, nítorí ilé ibẹ̀ ni owó rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n Àpápá ni koríko rẹ̀ wà, ní àgbàlá àwọn ilé ńlá, ní iwájú ọ́fíìsì àti ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìkẹ́rùsí. Kò sí ẹni tí í pe orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ní àárọ̀. Kò sí fọ́mààn tí yóò dá a padà pé kí ó lọ wọ bàtà. Òun ni ọ̀gá, òun ni akọ̀wé, òun náà ni lébìrà. Iyì ni èyí jẹ́ fún ọkùnrin, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí irin bá gé ọ̀gá yìí, òun kan náà ni yóò wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, òun ni yóò san owó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò sì dúró de oúnjẹ títí ọgbẹ́ náà yóò fi jinná.

Ní ayé àtijọ́, àwọn Yorùbá kì í fi àyè gba koríko ní àgbàlá. Ilẹ̀ tí a gbá tí ó mọ́ tónítóní ni ẹwà ilé, ó sì ní ìdí: ibi tí koríko kò bá sí, ejò kò rí ibùba. Àwọn Òyìnbó ni wọ́n mú àṣà pápá koríko tútù wá sí iwájú ilé. Lọ́dọ̀ wọn náà ni ẹ̀rọ rẹ̀ ti wá. Ní 1830 ni Edwin Budding, ará Gloucestershire ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí ẹ̀rọ ìgékoríko tí ó ṣe. Ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ ni ó ti rí ọgbọ́n náà: ó wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rẹ́ irun ojú aṣọ, ó sì rò ó pé ohun tí ó lè rẹ́ irun aṣọ lè rẹ́ koríko. Ọwọ́ ni a fi ń ti ẹ̀rọ ìgbà náà. Bí ẹni tí ń tì í bá dúró, abẹ rẹ̀ a dúró. Ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí abẹ rẹ̀, abẹ púpọ̀ nínú wọn sì ń yí tó ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹnu abẹ náà ń sáré ju ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ èyíkéyìí tí ń gba títì Èkó lọ.

Abẹ tí ń sáré báyìí kò mọ koríko yàtọ̀ sí irin, níbẹ̀ sì ni ewu Liverpool Road ti ju ti ibòmíràn lọ. Orúkọ èbúté kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni títì yìí ń jẹ́, èyí tí àwọn ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster ti máa ń gbéra wá sí Àpápá nígbà kan rí. Títì èbúté ni títí di òní. Láti ìgbà tí a ti ṣí èbúté Tin Can Island ní 1977, ẹrù tí ń gba agbègbè náà ti pọ̀ sí i gidigidi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ètò ìfọ̀nàpè ọkọ̀ akẹ́rù tó bẹ̀rẹ̀ ní February 27, 2021, àwọn tírélà a máa tò sí ojú títì fún ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó rí ọ̀nà wọ èbúté. Ibi tí ọkọ̀ bá sì ti dúró pẹ́, ibẹ̀ ni a ti ń tún un ṣe, ibẹ̀ ni awakọ̀ ti ń jẹun, tí ó sì ń sùn. Ìdè irin a bọ́ sílẹ̀, wáyà inú táyà tí ó bẹ́ a wà nílẹ̀, ìgò a fọ́. Òjò a wá rọ̀, koríko a sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn náà, koríko tútù nìkan ni yóò rí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo agékoríko kan tí ó dé irú ibẹ̀. Ó ti gba iṣẹ́ mẹ́ta fún ọjọ́ kan náà, ojú ọ̀run sì ti ń ṣú. Kò wo ilẹ̀. Ó fa okùn ẹ̀rọ, ó sì bẹ̀rẹ̀. Kò tíì rin ìrìn ogún ẹsẹ̀ tí abẹ fi gbá ìdè irin kan. Irin náà fò jáde bí ọta ìbọn. Bí orí bá bá a ṣe é, ògiri ni yóò lọ bá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, yóò fọ́ gíláàsì ọkọ̀ tí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ títì, owó iṣẹ́ oṣù kan yóò sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n gíláàsì ṣe é rà. Bí ó bá jẹ́ ojú obìnrin tí ń kiri àkàrà ni irin náà bá, ọjà wo ni a ó ti lọ ra òmíràn?

Ẹni tí ó bá rí irú èyí a máa sọ pé Ògún ni ó bínú, tàbí pé ọwọ́ ayé ni. Kò yẹ kí a yára gbé ẹ̀bi rù wọ́n. Irin wà nínú koríko, a kò ṣà á. Nítorí náà, kí agékoríko tó fọwọ́ kan okùn ẹ̀rọ, kí ó mú àpò kan àti ọ̀pá gígùn kan, kí ó rin gbogbo ojú ilẹ̀ náà já, ní lílọ àti ní bíbọ̀, kí ó fi ọ̀pá ya koríko, kí ó sì ṣa ohun gbogbo tí kì í ṣe koríko. Ní àgbàlá kékeré, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fún iṣẹ́ yìí. Kí ó bi onílé léèrè ibi tí rọ́bà omi, páìpù àti wáyà iná gbà. Kí ó má ṣe yọ ìbòrí tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ nítorí pé ó ń dí koríko lọ́wọ́. Ìbòrí náà ni ó ń dá òkúta dúró kí ó má ba à lójúgun. Ní ti ẹ̀rọ tí a ń gbé kọ́ èjìká, àwọn tí ń ṣe é kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe súnmọ́ ibi tí ó ń ṣiṣẹ́ tó mítà 15, èyí tí í ṣe 50 ẹsẹ̀ bàtà. Bí ènìyàn bá ń bọ̀, kí a pa ẹ́ńjìnnì títí yóò fi kọjá. Kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́ náà wọ awò tí ó bo ojú, ṣòkòtò gígùn àti bàtà búùtù. Sálúbàtà kì í ṣe bàtà iṣẹ́ yìí.

Ìjàǹbá kejì, ọwọ́ ni ó máa ń bá. Láti April títí wọ July, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ kí koríko Èkó gbẹ. Koríko tútù a máa dì mọ́ abẹ́ ẹ̀rọ, ẹni tí ń kánjú a sì fẹ́ fi ọwọ́ yọ ọ́ láìpa ẹ́ńjìnnì. Ìka tí a pàdánù báyìí kì í hù padà. Nítorí irú èyí ni àṣẹ ìjọba Amẹ́ríkà kan fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1982, pé ẹ̀rọ tí a ń tì ní ọwọ́ gbọ́dọ̀ ní irin kan lára ọwọ́ rẹ̀, tí ó jẹ́ pé bí a bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀, abẹ yóò dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn a máa fi okùn rọ́bà de irin náà mọ́lẹ̀, kí ọwọ́ má ba à ro wọ́n. Ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ti de ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ lókùn. Ọ̀nà tí ó tọ́ nìyí: kí a pa ẹ́ńjìnnì, kí a dúró títí abẹ yóò fi dúró pátápátá, kí a yọ wáyà kúrò lórí púlọ́ọ̀gì, nígbà náà ni kí a fi igi, kì í ṣe ọwọ́, ha koríko náà kúrò. Wáyà púlọ́ọ̀gì yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé bí a bá fi ọwọ́ yí abẹ, ẹ́ńjìnnì lè tún ta jí. Bákan náà, kí a má ṣe fa ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ sí ara, nítorí pé ẹsẹ̀ ẹni ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé.

Ìjàǹbá kẹta, iná ni. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní May 29, 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, pẹtiróòlù ti di ohun ọ̀wọ́n, kò sì sí agékoríko tí ó fẹ́ kí ìkán kan ṣòfò. Nítorí náà ni ẹlòmíràn ṣe ń gbé kẹ́ẹ̀gì epo rẹ̀ wọ inú yàrá ní alẹ́ kí olè má ba à jí i. Ẹ ronú yàrá kan ṣoṣo tí ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta sùn sí, tí sítóòfù sì ń jó lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Èéfín pẹtiróòlù tí a kò lè fi ojú rí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ni ó máa ń fà lọ títí yóò fi bá iná pàdé. Ìta ni kí kẹ́ẹ̀gì náà sùn, nínú àpótí tí a tì pa. Lẹ́nu iṣẹ́, bí epo bá tán, kí a jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù kí a tó bu òmíràn sí i, nítorí pé epo tí ó dà sórí sàlẹ́ńsà gbígbóná kì í bẹ̀bẹ̀.

Àwọn ewu mìíràn wà tí kò ní ariwo. Paramọ́lẹ̀ kì í sá fún ẹsẹ̀ ènìyàn. A máa dúró sí ojú kan nínú koríko ni. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, kí a má ṣe gé ojú ibẹ̀, kí a má ṣe fi ẹnu fà á, kí a má sì fi okùn dì í pinpin; kí a jẹ́ kí ara ẹni náà dúró jẹ́ẹ́, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ìṣó tí ó dípẹtà lè gún ẹsẹ̀ díẹ̀, kí ọgbẹ́ náà sì jinná lójú, síbẹ̀ kí àìsàn tí í mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ le gbagidi wọlé láti ibẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ ń gbé inú erùpẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára sì wà fún un. Ariwo ẹ́ńjìnnì náà ń jẹ etí díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá dí etí rẹ̀ lè má mọ̀ títí di ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ yóò pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ó tó dáhùn.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí ó kan ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá gbèrú. Ní ọjọ́ tí ó bá gba ọmọ iṣẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó sì ń san owó fún un, kì í ṣe ọ̀gá ara rẹ̀ nìkan mọ́. Òfin ìtanràn òṣìṣẹ́ ti 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan, láti inú èyí tí a ó ti ṣe ìtọ́jú ẹni tí ó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Òfin kò sì gbà pé kí a fi ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 sí iṣẹ́ eléwu. Ní ti ọ̀gá fúnra rẹ̀, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní ètò ìlera tí a ń pè ní Ìlera Èkó, tí oníṣẹ́ ọwọ́ lè wọ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní agbanisíṣẹ́. Ó dára kí ó wọ̀ ọ́ nígbà tí ara rẹ̀ le. Bí ìjàǹbá bá sì dé, nọ́ńbà 767 tàbí 112 ni a fi ń pe ìrànlọ́wọ́ ní Èkó; kí ó kọ ọ́ sára ẹ̀rọ rẹ̀.

Ẹ̀yin onílé náà ní ipa tiyín. Ẹ má ṣe já owó iṣẹ́ wálẹ̀ títí tí oníṣẹ́ yóò fi ní láti sáré gé àgbàlá márùn-ún lójúmọ́ kí ó tó rí oúnjẹ jẹ. Ẹ kó àwọn ọmọ àti ajá wọlé nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá sì rí i tí ó ń rin ilẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá àti àpò ṣáájú iṣẹ́, ẹ má ṣe sọ pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ̀yin náà ni ó ń ṣiṣẹ́ fún ní àkókò yẹn.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Agékoríko tí kò ní fọ́mààn gbọ́dọ̀ jẹ́ fọ́mààn ara rẹ̀: kí ó ṣa ilẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó pa ẹ́ńjìnnì kí ó tó fọwọ́ kàn án. Koríko tí a gé lónìí yóò tún hù lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Ìka kì í hù, ojú kì í hù. Kí gbogbo ọwọ́ tí ó jáde láti Ajégúnlẹ̀ ní àárọ̀ padà sílé ní alẹ́ pẹ̀lú ìka márààrún.

Irin kò ní ṣe wá.