Àwòrán Ara Àpáta àti Iṣẹ́ Àwọn Atẹ̀wé

Ọ̀rọ̀ tí Òṣìṣẹ́ Ètò Ìròyìn bá àwọn ará Ṣómólú àti Bàrígà sọ ní ilé ìkàwé

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin atẹ̀wé àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, kò sí ẹni tí yóò gba Ṣómólú kọjá lọ́sàn-án tí kò ní gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Bí ìgbéyàwó bá ń bọ̀, ọ̀dọ̀ yín ni a ń wá tẹ ìwé ìpè. Bí àgbà bá papò dà, ọ̀dọ̀ yín ni a ń gbà tẹ ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀. Kàlẹ́ńdà, rìsíìtì, ìwé orin, gbogbo rẹ̀ ni ẹ ń tẹ̀.

Ó lè yà yín lẹ́nu, nígbà náà, pé ọ̀rọ̀ òkúta ni mo gbé wá lónìí. Ilẹ̀ iyanrìn ni tiwa. Láti etí ọ̀sà Bàrígà títí dé òpópónà Ìkòròdú, a kò ní àpáta. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ti rò lọ. Àwòrán tí àwọn ènìyàn àtijọ́ yà sí ara àpáta ni mo ń wí, àti bí ìwé títẹ̀ ṣe ń gbà á lọ́wọ́ ìparun.

Kí ọmọ ènìyàn tó mọ ìwé kọ, ó ti mọ àwòrán yà. Wọn a máa lọ òkúta pupa kúnná bí osùn, wọn a pò ó, wọn a sì fi ya ẹran, ènìyàn àti oríṣiríṣi àmì sí ara ògiri ihò àpáta. Irú rẹ̀ wà ní Birnin Kudu, ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Jigawa ti òde òní. Màlúù ni ó pọ̀ jù nínú àwọn àwòrán náà, ṣùgbọ́n wọn kò ní iké lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ sì ni màlúù oníké ni ó gba àgbègbè náà kan lónìí. Èyí ni àwọn onímọ̀ fi rò pé ó ṣeé ṣe kí a ti yà wọ́n kí màlúù oníké tó gbilẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wò ó bí àwòrán tí kò ní ọ̀rọ̀ kan lára ṣe ń sọ ìtàn.

Ọ̀gbẹ́ni Bernard Fagg, òṣìṣẹ́ ìjọba lórí ohun àtijọ́, ẹni tí ó dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos sílẹ̀ ní 1952, ṣe ìwádìí ní Birnin Kudu. Ó rí i pé àwọn òkúta kan wà nítòsí àwọn àwòrán náà tí wọn ń dún bí agogo bí a bá lù wọ́n, tí ojú ibi tí a ti ń lù wọ́n láti ayébáyé sì ti jinkòtò. Kò fi ohun tí ó rí mọ sínú àpò ara rẹ̀. Ní 1956 ó tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà kan ní Lọ́ńdọ̀nù tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Man. Ó sì tún kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ti Ẹgbẹ́ Onítàn Nàìjíríà ní ọdún kan náà.

Kí ni ó ti ibẹ̀ jáde? Àwọn tí wọ́n ka ìwé náà níbòmíràn ní Áfríkà bẹ̀rẹ̀ sí wo àwọn òkúta tí wọ́n ti ń rí tipẹ́ láìkà wọ́n sí, wọ́n sì ń kọ̀wé nípa wọn. Ní 1957, Ọ̀gbẹ́ni Peter Morton-Williams tẹ ìròyìn kúkúrú jáde nínú ìwé Man kan náà. Ilẹ̀ Yorùbá tiwa ni ó kọ nípa rẹ̀: ihò àpáta tí ó ní àwòrán, òkúta tí ń dún bí agogo, àti àpáta tí àwọn ènìyàn ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ojú ewé díẹ̀ péré ni, ṣùgbọ́n nítorí pé a tẹ̀ ẹ́, ó ṣì wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà á.

Ìwé títẹ̀ tún máa ń dá olóòótọ́ láre. Ní 1879, ní ilẹ̀ Sípéènì, ọmọdébìnrin Ọ̀gbẹ́ni Marcelino Sanz de Sautuola rí àwòrán ẹran ńlá-ńlá ní àjà ihò Altamira. Bàbá rẹ̀ tẹ ìwé kékeré kan nípa rẹ̀ ní 1880. Àwọn ọ̀mọ̀wé kò gbà á gbọ́. Wọ́n ní ènìyàn àtijọ́ kò lè ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà kú ní 1888 láì rí ìdáláre. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ kò kú. Ní 1902, Émile Cartailhac, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú olórí àwọn tí wọ́n takò ó, tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé pé òun ni òun ṣìnà.

Nítòsí ilé, ẹ rántí Ìwó Eléérú ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw hú egungun ènìyàn níbẹ̀, èyí tí ọjọ́ orí rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ọdún. Ní 1984 ni ìròyìn iṣẹ́ náà jáde nínú ìwé àwọn awalẹ̀pìtàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà. Nítorí pé àkọsílẹ̀ wà, àwọn onímọ̀ mìíràn lè padà sí agbárí náà, wọ́n sì tẹ àyẹ̀wò tuntun jáde nípa rẹ̀ ní 2011. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àkọsílẹ̀ ni ẹ̀yìn tí a óò wò.

Ẹ̀yin atẹ̀wé, ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn yín gan-an nìyí. Ẹni tí ń ṣe irú ìwádìí yìí a máa gbé ọ̀pá ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán kí ó tó ya fọ́tò rẹ̀, kí òǹkàwé lè mọ bí ó ti tóbi tó. Bí ẹni tí ń gé bébà bá gé ọ̀pá náà kúrò, ìwọ̀n ti sọnù. Bí a bá yí fọ́tò padà, tí ọ̀tún di òsì, màlúù ti kọjú sí ibi tí kò kọjú sí. Bí ọ̀dà bá pọ̀ jù, pupa osùn a di dúdú. Bí a bá sì tẹ 1965 dípò 1956, irọ́ ti wọ inú ìtàn láìsí ẹni tí ó pète rẹ̀. Ọwọ́ atẹ̀wé mímọ́ jẹ́ ara ìwádìí náà.

Kò sì yẹ kí a fi falẹ̀. Òjò, èéfín iná àti ọwọ́ ènìyàn ń pa àwòrán ara àpáta rẹ́. Èémí lásán ti tó láti bà á jẹ́: ní 1963, ìjọba Faransé ti ihò Lascaux mọ́ àwọn àlejò, nítorí èémí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń ba àwòrán ibẹ̀ jẹ́. Àwa ará Èkó náà kò jìnnà sí ọ̀ràn yìí. Òkúta tí a fi ń da kọnkéré ilé wa, ara àpáta òkè ni a ti ń fọ́ ọ wá. Bí a bá fọ́ àpáta kan kí ẹnikẹ́ni tó ya àwòrán ara rẹ̀, ohun tí ó wà níbẹ̀ ti lọ títí láé.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ìròyìn 1957 tí ó sọ nípa ilẹ̀ Yorùbá, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́, Lọ́ńdọ̀nù ni a ti tẹ̀ ẹ́. Mélòó nínú àwọn tí ń gbé ẹ̀bá irú àpáta bẹ́ẹ̀ ni ó tíì kà á? Ẹni tí kò mọ iyì ohun tí ó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀ kò ní dáàbò bò ó. Ìwé pẹlẹbẹ kan ní èdè Yorùbá, tí àwòrán rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí owó rẹ̀ kò sì wọ́n, kò ju agbára Ṣómólú lọ.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ìlú yín fún ọdún, bí ẹ bá rí àwòrán tàbí àmì lára àpáta, ẹ má ṣe fi ọwọ́ kàn án, ẹ má ṣe da omi sí i, ẹ má ṣe fi ẹfun tọ ojú rẹ̀. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ orúkọ ibẹ̀ àti ọjọ́ náà sílẹ̀, ẹ bi àwọn àgbà ibẹ̀ ní ohun tí wọ́n mọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ fi tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan létí. Òfin 1979 ni ó dá Àjọ tí ń bójútó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe polongo ọ̀nà ibẹ̀ kiri, nítorí olè náà a máa ka ìwé.

Àwọn tí wọ́n ya àwòrán wọ̀nyẹn ti ṣe tiwọn pẹ̀lú òkúta pupa àti ìka ọwọ́. Ẹ̀rọ àti bébà wà lọ́wọ́ tiwa.