Àkèré Onírun àti Gerald Durrell

Láti Jakande Estate, Isolo, la ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀, ẹ má bínú.

Gerald Durrell lọ sí Kamẹrúùnù ní 1947, nígbà tí apá tó wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìjọba Nàìjíríà. Ẹranko ló lọ kó nínú igbó, kó lè tà wọ́n fáwọn ọgbà ẹranko nílùú Òyìnbó. Nígbà tó yá, owó tán lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Lawrence, tóun náà jẹ́ òǹkọ̀wé, ní kó máa kọ̀wé. Àmọ́ orí rédíò BBC ló ti kọ́kọ́ sọ̀tàn: bó ṣe wá àkèré kan tí nǹkan bí irun máa ń hù lára akọ ẹ̀. Èmi tí mò ń ṣe pódíkáàsì, ibẹ̀ yẹn dùn mọ́ mi gan-an! Ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1953. Èyí tó kọ nípa Bafut jáde ní 1954.

Ká sòótọ́, ẹranko apá ọ̀dọ̀ wa ló ń kó lọ, kò sì bá mi lára mu. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn náà ló ràn án lọ́wọ́ tó fi dá ọgbà sílẹ̀ ní Jersey ní 1959, tí wọ́n ti ń mú àwọn ẹranko tó fẹ́ẹ́ run bímọ.

Ta ló ti kọ̀wé nípa àwọn ọ̀bọ Lekki Conservation Centre lédè Yorùbá? Tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ ìwé náà ránṣẹ́ sí wa.