Iná Ara Ẹja: Bí A Ṣe Lè Gba Ẹja Inú Gíláàsì Là

 

Àwọn ìdílé tó ń sin ẹja aláràbarà sínú táǹkì gíláàsì wà láàárín wa ní Warri níbí. Àwọn tó ní táǹkì ẹja àrọ̀ lẹ́yìnkùlé náà wà. Àrùn kan ń pa irú ẹja méjèèjì. Ẹ ó rí i tí ara ẹja kún fún ẹfun kéékèèké, bí ẹni pé wọ́n wọ́n iyọ̀ sí i lára. Á máa fi ara ha òkúta, á máa mí hẹlẹ, oúnjẹ kò sì ní wù ú mọ́.

Ní 1876 ni onímọ̀ kan, Fouquet, ṣàpèjúwe kòkòrò tó ń fà á. Ichthyophthirius multifiliis ni orúkọ rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí iná ara ẹja, ọlọ́mọ yọyọ. Irú iná tó ń wà lórí ni mo wí, kì í ṣe ti ìdáná.

Abẹ́ awọ ẹja ni àgbà kòkòrò náà ń gbé. Oògùn kì í kàn án níbẹ̀. Bí ó bá yó, á já bọ́ sí ìsàlẹ̀ omi, á sì pín sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ. Àwọn ọmọ náà á lúwẹ̀ẹ́ wá ẹja. Bí wọn kò bá rí i láàárín bí ọjọ́ méjì, wọ́n kú nìyẹn. Nínú odò Warri, púpọ̀ nínú wọn á ṣìnà. Nínú gíláàsì, ẹja kò ní ibi tí yóò sá sí.

Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni oògùn ń pa. Ẹ lo iyọ̀, gíráàmù 2 sí lítà omi 1. Táǹkì lítà 50 gba gíráàmù 100. Ẹ kọ́kọ́ yọ́ ọ nínú omi, kí ẹ sì dà á sí i díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ẹ máa fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ jáde lójoojúmọ́, kí ẹ fi omi tuntun oníyọ̀ dípò rẹ̀. Bí iná mànàmáná bá lọ, ẹ máa fi abọ́ bu omi náà, kí ẹ dà á padà láti òkè, kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù nìyí: ẹfun á pòórá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á ní ó ti san. Àgbà ló kàn já bọ́ lọ bímọ! Ẹ máa bá ìtọ́jú lọ fún ọjọ́ 10 sí 14. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí: oògùn aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní malachite green kò gbọdọ̀ kan ẹja tí a óò jẹ. Ó ń pẹ́ lára ẹja, wọn kò sì fàyè gbà á fún ẹja jíjẹ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà.

Ẹja tuntun, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọ̀n tó kan aláìsàn, ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ dáadáa.