Ẹ̀ẹ̀mẹjọ péré: kí ẹ tó ra kámẹ́rà rangefinder onífíìmù 120

Ìwó ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo ọ̀kadà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ẹ má bínú, ilé wa kò jìnnà sí ọjà Odò-Orí.

Arákùnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ lòun níbí, òun ti tu owó jọ, òun fẹ́ ra kámẹ́rà onífíìmù, èyí tí wọ́n ń pè ní medium format rangefinder, kí òun lè fi ya àwọn àgbà ìdílé òun. Èwo ni kí òun rà? Mo ní kó fara balẹ̀ ná, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú orúkọ yẹn palẹ̀. Fíìmù inú kámẹ́rà kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́rùn lọ síbi ìnáwó láyé àtijọ́, 35mm ni. Ti medium format ni fíìmù 120, tí Kodak gbé jáde ní 1901, tí wọ́n ṣì ń ṣe títí dòní. Kò ní agolo, bébà ni wọ́n fi tì í lẹ́yìn, ó sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6. Bí kámẹ́rà yín bá ń ya 6×9, àyè tí fọ́tò kan gbà lórí fíìmù ju ìlọ́po 5 ti 35mm lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè sọ ọ́ di ńlá lára ògiri láìbàjẹ́. Àmọ́ 8 péré ni fíìmù kan máa gbà. Bó bá jẹ́ 6×7, 10 ni, 6×6, 12.

Rangefinder ńkọ́? Kì í ṣe inú lẹ́ǹsì lẹ ti ń wo èèyàn. Fèrèsé kékeré kan wà lókè, àárín rẹ̀ lẹ ó ti rí àwòrán méjì, bí ìgbà tí ojú bá ń ṣe èèyàn ní méjì-méjì. Ẹ ó máa yí lẹ́ǹsì títí méjèèjì á fi di ọ̀kan, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ohun tí fèrèsé yẹn ń fi hàn yín kọ́ ni fíìmù ń rí o. Ibẹ̀ ni ìyà ti jẹ mí.

Fuji GW690 ni mo rà, tòkunbọ̀. Torí ìyá bàbá mi ni mo ṣe gbé e wá sí Ìwó. Ìyá kò fẹ́ràn fóònù rárá. Bí ẹ bá na fóònù sí wọn, wọ́n á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n rí kámẹ́rà gbàǹgbà yìí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní irú èyí làwọn mọ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n wé gèlè, wọ́n wọ aṣọ òkè, wọ́n wá jókòó lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, ojú sí mi tààrà.

Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, ṣèwádìí nípa àwọn ayàwòrán Ìlá-Ọ̀ràngún ní 1975, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1978. Ìjókòó yìí gan-an wà nínú ohun tó kọ. Ó tún kọ nípa fọ́tò ìbejì: bí ọ̀kan bá ti kú, ayàwòrán a ya èyí tó kù, a sì fi ọgbọ́n yàrá òkùnkùn sọ ọ́ di méjì nínú fọ́tò kan ṣoṣo, kí òbí lè rí àwọn méjèèjì pa pọ̀. Ẹ rí i pé fọ́tò kì í ṣe eré lọ́wọ́ àwọn èèyàn yìí.

Mo ya mẹ́jọ. Nígbà tí mo ya ẹ̀kẹta tán ni mo rí i pé ìdérí ṣì wà lójú lẹ́ǹsì. Fèrèsé mọ́ kedere, ìyá ń wò mí, èmi náà ń wò wọ́n, fíìmù kò rí ẹnì kankan. Márùn-ún tó kù, mo rọra ṣe é, méjì di ọ̀kan lójú ìyá. Ìgbà tí mo fọ fíìmù, ògiri ẹ̀yìn wọn hàn débi pé ẹ lè ka ibi tó sán, ojú ìyá rí bàìbàì. Rangefinder yẹn ti yẹ̀ kí n tó rà á. Ọ̀kan ṣoṣo ló mọ́ díẹ̀, èyí tí wọ́n fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń sọ fún mi pé ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n papò dà kí n tó rí fíìmù mìíràn rà.

Torí náà, kí ẹ tó sanwó: ẹ yí lẹ́ǹsì dé òpin, ibi àmì ∞, kí ẹ kọjú sí nǹkan tó jìnnà réré, bí òpó MTN tàbí ṣóńṣó mọ́ṣáláṣí. Méjì gbọ́dọ̀ di ọ̀kan, kí ìkan má sì ga ju èkejì. Ẹ tún fi tépù wọn mítà 2, kí ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà orí lẹ́ǹsì bá a mu. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú lẹ́ǹsì. Bí ẹ bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn, fungus ni, ẹ fi í sílẹ̀. Kọ́ńtà kan wà nísàlẹ̀ Fuji yẹn tó ń ka iye ìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́: 1 ibẹ̀, 10 ni.

Gbogbo èèyàn ló ń fẹ́ Mamiya 7, tó jáde ní 1995. Ó dára, kì í pariwo, ẹ lè yà á níbi yìgì kí Àlùfáà má mọ̀. Ṣùgbọ́n báátìrì ló gbé e dúró. Báátìrì tán, iṣẹ́ tán, bí iná inú rẹ̀ bá sì kú, ta ni yóò tún un ṣe fún yín ní Ìwó? Lójú tèmi, Fuji ló bá wa mu: kò mọ báátìrì rárá.

Àwọn méjèèjì kì í rí kedere bí ẹ bá sún mọ́ èèyàn ju mítà 1 lọ. J. D. 'Okhai Ojeikere, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin wa ní 1968, kì bá má rí iṣẹ́ ìdí irun yẹn ṣe dáadáa pẹ̀lú rangefinder. Bó bá jẹ́ irun tàbí ilà ojú lẹ fẹ́ yà, ẹ wá kámẹ́rà mìíràn.

Ti ìmọ́lẹ̀, fóònù yín ti tó: app light meter pọ̀. Àmọ́ ẹ má kọjú rẹ̀ sí léèsì funfun, ojú aláṣọ yóò dúdú jù. Ojú èèyàn ni kí ẹ wọ̀n. Bí oòrùn bá mú ganrínganrín, f/16, kí ẹ fi shutter sí nọ́ńbà fíìmù: fíìmù 125, 1/125.

Bí ẹ bá fẹ́ fọ dúdú àti funfun nílé, ìwọ̀n 20 ni ọ̀pọ̀ oògùn rẹ̀ ń fẹ́, omi táǹkì wa sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Píọ̀ wọ́tà tútù ni mo fi ń là á.

Arákùnrin wa, má tíì rà á. Mo ti tún tèmi ṣe. Wá yá a fún ọjọ́ méjì, kí o ra fíìmù tìrẹ. Ìdérí lẹ́ǹsì ni n kò ní fún ọ.