Owó Ìrànwọ́ Dára, Ṣùgbọ́n Iṣẹ́ Ńkọ́?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní Ọ̀tà)



Nígbà tí ìjọba Olóyè Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní 1955, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dúró níwájú àwọn ọmọ wa ni kò tíì kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ilé kíkọ́ kò le tó olùkọ́ wíwá.

Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá 2021, ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí ₦75,000 ní sáà kọ̀ọ̀kan fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, àti ₦50,000 fún ẹni tí ń ka NCE. A yìn wọ́n. Wọ́n sì ní àwọn yóò wá ọ̀nà tí ìjọba ìpínlẹ̀ yóò fi gba àwọn ọmọ náà síṣẹ́. Ẹ gbọ́ o: wọn yóò “wá ọ̀nà”!

Bí ọmọ àgbẹ̀ bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Òṣíẹ̀lẹ̀, tí kò rí lẹ́tà iṣẹ́, Sàngó ni yóò gbà lọ, yóò máa di páálí ní ilé-iṣẹ́. Èmi kò bá ilé-iṣẹ́ jà. Ó ń bọ́ ilé púpọ̀ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n owó ìlú ni a fi kọ́ ọmọ yìí.

Nítorí náà, kí lẹ́tà iṣẹ́ máa tẹ̀lé owó ìrànwọ́. Kí ọmọ náà sì fọwọ́ síwèé pé òun yóò sin ìlú, ìbáà ṣe ní Àtàn tàbí ní Ìjù. Ẹ bi àwọn aṣojú yín léèrè kí wọ́n tó tún wá tọrọ ìbò.