Wáyà Kan, Yàrá Púpọ̀: Bí A Ṣe Lè Pín Íntánẹ́ẹ̀tì Ilé Wa

Ẹgbẹ́ ní kí àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà láàárín yín sọ ohun kan tí yóò ṣe ilé wa láǹfààní. Ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé la mú wá.

Ẹ jẹ́ ká wo irú ilé tí ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́. Onílé ń gbé iwájú, ayálégbé wà nínú ilé kékeré tó wà lẹ́yìn, ṣọ́ọ̀bù tó ń fi POS gba owó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kámẹ́rà sì ń ṣọ́ ọgbà. Ráútà, àpótí tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé, wà lọ́dọ̀ onílé. Wáyà kan ṣoṣo ló ti ibẹ̀ lọ sẹ́yìn, inú páìpù tí bíríkìlà ti rẹ́ mọ́lẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ tún sìmẹ́ńtì fọ́ nítorí wáyà kejì. Ọmọ Òṣómàáló kan kò sì ní náwó lẹ́ẹ̀mejì sórí ògiri kan. Bí gbogbo ilé ṣe wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan nìyẹn.

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tó bá wọ fóònù àlejò lè wá kámẹ́rà wa rí, ó sì lè dé kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ìwé owó. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ní ọdún 2016, àwọn ọ̀daràn fi ètò kan tó ń jẹ́ Mirai gba àkóso kámẹ́rà àti ráútà inú ilé káàkiri ayé, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣì ń lo páswọ́ọ̀dù tó bá wọn wá láti iléeṣẹ́. Wọ́n fi irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ kọlu iléeṣẹ́ Lonestar ní Liberia, nítòsí wa níbí. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù rán ọkùnrin tó ṣe é lọ sẹ́wọ̀n. Àwọn tó ni kámẹ́rà kò mọ̀ pé ilé àwọn ni ogun ti gbéra.

Ohun tó lè ràn wá lọ́wọ́ ni VLAN. Òun la fi ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan sí púpọ̀ láì fa wáyà mìíràn. Ẹni tó bá mọ ibùdókọ̀ ojú irin Òṣogbo yóò tètè lóye rẹ̀. Ojú irin kan ló wá láti Èkó, tó gba Òṣogbo kọjá sí Ọ̀ffà àti Ìlọrin títí dé Kánò. Ẹrù Ọ̀ffà àti ẹrù Kánò jọ ń gba orí irin kan náà ni, ṣùgbọ́n orúkọ ibi tí ẹrù ń lọ wà lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni VLAN. Swíìṣì tó wà níwájú á lẹ nọ́ńbà mọ́ ìsọfúnni kọ̀ọ̀kan kí ó tó gba orí wáyà. Swíìṣì tó wà lẹ́yìn á wo nọ́ńbà náà, á yọ ọ́, á sì fi ẹrù ránṣẹ́ sí ihò tó tọ́ sí i. Ìlànà tí àwọn iléeṣẹ́ ń tẹ̀ lé fún un ni 802.1Q, tí IEEE gbé jáde ní ọdún 1998. Nọ́ńbà tí a lè lò wà láti 1 dé 4094. Mẹ́rin tó ilé kan.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ ra swíìṣì méjì, ọ̀kan fún òpin wáyà kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé "managed" lẹ fẹ́, torí èyí tó rọ̀jù lówó kì í sábà mọ VLAN. Ráútà náà gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà: 10 fún ìdílé, 20 fún ayálégbé àti àlejò, 30 fún kámẹ́rà, 40 fún ṣọ́ọ̀bù. Ihò tí wáyà àjùmọ̀lò wọ̀ ni ẹ ó ṣe ní "trunk", kí nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè gba ibẹ̀ ní òpin méjèèjì. Ihò kámẹ́rà, 30 nìkan ni kí ẹ fún un.

Pínpín nìkan kò tó o. Ráútà ló so àwọn yàrá wọ̀nyí pọ̀, ọ̀pọ̀ ráútà á sì ṣí gbogbo ìlẹ̀kùn sílẹ̀ àfi bí a bá ní kó tì í. Nítorí náà, ẹ kọ òfin sínú rẹ̀: ìdílé lè wo kámẹ́rà, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò gbọdọ̀ dá wọ yàrá ìdílé, kò sì gbọdọ̀ dá jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ayálégbé àti ṣọ́ọ̀bù lè jáde síta, wọn kò gbọdọ̀ wọ ọ̀dọ̀ ara wọn. Ọmọ tó wà ní Èkó tàbí lókè òkun tó fẹ́ máa wo ilé bàbá rẹ̀ ní Iléṣà lè gba VPN wọlé.

Ẹ má gbàgbé pé VLAN kì í fi kún agbára wáyà. Gbogbo yín lẹ jọ ń pín in. Wáyà náà kò gbọdọ̀ ju mítà 100 lọ. Ẹ fi ihò kan sílẹ̀ fún ẹni tó ń tún un ṣe, kí ẹ má baà ti ara yín mọ́ta. Ẹ pa gbogbo páswọ́ọ̀dù iléeṣẹ́ dà. Ẹ kọ nọ́ńbà àti ihò sínú ìwé kan, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ sínú àpótí swíìṣì, torí ẹni tó ṣe é lónìí lè má sí nítòsí lọ́la.

Ẹlẹgbẹ́ ni wá, a jọ ń jẹ, a jọ ń mu, síbẹ̀ oníkálukú ló ní kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wáyà ilé wa náà rí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run yóò jẹ́ ká tún pàdé ní ogún ọdún ẹgbẹ́ yìí nínú ayọ̀.